Bí Ọ̀gá Oyètúndé Ṣe Fẹ́ Di Dókítà Òfurufú

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ìjọba rí tí wọ́n fi mú Ọ̀gbẹ́ni Oyètúndé kúrò ní ẹ̀ka tó ń pín àga àti tábìlì fún àwọn iléèwé, tí wọ́n sì gbé e wá sí Ọ̀fà pé kó wá máa ṣọ́ ojú-ọjọ́. Àwọn kan ní àṣìṣe akọ̀wé ni. Àwọn mìíràn ní àga ló tán. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé ọkùnrin náà dé Ibùdó Ìwòye Ojú-Ọjọ́, lójú ọ̀nà Ojoku, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó gbójú sókè, ó wo ojú ọ̀run láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn bí ẹni tó ń wo ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ fún un, ó sì ní, "Ó tóbi. A ó máa bójú tó o."

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kí i ní "Ẹ káàárọ̀, sà" mọ́. Ó ní ìkíni àwọn tíṣà nìyẹn. "Ẹ kú àbójútó òfurufú, sà" ni kí wọ́n máa kí òun. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, inú rẹ̀ á dùn bíi pé òun ló rọ̀ ọ́. Bí ọ̀dá bá dá, á ní Àbújá ló fà á.

Taofeek, akọ̀wé ọ́fíìsì, ni igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Taofeek kì í ṣe ènìyàn burúkú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọmọ mẹ́rin ló ní, ó sì ti ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá kì í pẹ́ rí ìgbéga. Bí Ọ̀gá Oyètúndé bá sín, Taofeek á sáré jáde lọ wo ẹ̀rọ tó ń wọn ìyára atẹ́gùn, á padà wọlé, á ní, "Ó yí, sà. Ojú mi báyìí ló ṣe."

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an níbẹ̀ ni Màrdíyyàh. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ọmọ Alhaja Ràfátù tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ nítòsí ibùdó ojú irin. Físíìsì ló kà ní yunifásítì. Fún ọdún márùn-ún gbáko, bí aago bá ti lu mẹ́sàn-án àárọ̀, á bọ́ sẹ́yìn ọ́fíìsì, á wo tẹmómítà, á wo barómítà tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó, á wo agolo gígùn tí wọ́n fi ń wọn òjò, á sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Òjò ìparí ọdún ló gbà á lọ́kàn jù, ìyẹn àwọn ìjì òjò tó máa ń ti ìlà-oòrùn wọlé lóṣù Kẹwàá, tí wọ́n ń tẹ́ àgbàdo sílẹ̀ ní Ojoku, tí wọ́n sì ń ká páànù lórí ilé. Ó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn kan fi ń yà kúrò lọ́nà kí wọ́n tó dé Ọ̀fà, tí àwọn kan sì ń wọlé tààrà bí àna tó wá gbé ìyàwó fún ọmọ rẹ̀. Kò rí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tó fi ń kọ̀wé sí yunifásítì kan ní Kánádà pé kí wọ́n gba òun láti wá kà fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfurufú.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan péré nínú àṣẹ ọ̀gá fún yín, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí à ń sọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tó dé, òjò ń rọ̀, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí òṣùwọ̀n òjò níta.

"Ta ló gbé ohun èlò ìjọba sínú òjò?"

"Òṣùwọ̀n òjò ni, sà," Màrdíyyàh dáhùn. "Ìta ló yẹ kó wà."

"Kó máa tutù?"

"Kí òjò lè wọ inú rẹ̀, sà."

Ọ̀gá mi orí. "Màrdíyyàh, ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò ní ọ́fíìsì mi àtijọ́. Àga kan ṣoṣo kò tutù."

Wọ́n gbé òṣùwọ̀n òjò sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fún ọjọ́ mọ́kànlá, òjò rọ̀ ní Ọ̀fà títí gọ́tà fi kún àkúnya, ìwé ìjọba sì ń sọ pé ọ̀dá ni. Lọ́jọ́ kejìlá, Màrdíyyàh wá agolo mílíìkì ńlá kan, ó kùn ún ní funfun, ó gbé e sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ọ̀gá lè máa rí nǹkan gbígbẹ, ó sì dá òṣùwọ̀n gidi padà síta, sẹ́yìn igi káṣú. Ọ̀gá yin agolo mílíìkì náà níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́.

Ó wá ṣe, yunifásítì ní kí Màrdíyyàh mú ìwé ìjẹ́rìí mẹ́ta wá. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ ti kọ méjì. Ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá, ó sì gbọ́dọ̀ dé kí oṣù Kẹwàá tó parí. Ó mú fọ́ọ̀mù náà wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, ó kúnlẹ̀ kí i pẹ̀lú ìkíni òfurufú, ó ṣàlàyé.

Ọ̀gá ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì. "Dókítà?"

"Bí Ọlọ́run bá fẹ́, sà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún."

"Wọ́n á máa pe ìwọ ní Dókítà, wọ́n á sì máa pe èmi ní Ọ̀gbẹ́ni?"

"Ìmọ̀ yẹn ni mò ń wá, sà. Orúkọ kàn máa ń tẹ̀lé e ni."

Ọ̀gá mú bírò pupa, ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sí igun fọ́ọ̀mù náà: K.I.V. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, ìwé tí wọ́n bá kọ ọ́ sí ti di ohun tí wọ́n ń pa mọ́ sójú, tí ojú kò sì ní rí mọ́ láéláé.

Màrdíyyàh kò tíì dé ẹnu géètì tí ọ̀gá fi pe Taofeek. "Wá fọ́ọ̀mù yẹn fún èmi náà. Yunifásítì kan náà ni. Mo fẹ́ dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀."

Wọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà. Taofeek ń ka ìbéèrè, ọ̀gá ń rìn lọ rìn bọ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Wọ́n ní ìbéèrè wo lẹ fẹ́ ṣèwádìí lé lórí, sà."

"Kọ ọ́ pé n kò ní ìbéèrè. Ìdáhùn ni mo ní."

"Wọ́n ní kí ẹ dárúkọ ẹni àkọ́kọ́ tó lè jẹ́rìí yín."

"Kọ orúkọ mi."

"Ẹnì kejì ńkọ́, sà?"

"Sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ bi ẹni àkọ́kọ́."

"Ẹnì kẹta?"

Ọ̀gá dúró, ó ronú. "Kọ orúkọ ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n má sọ fún un."

Ọjọ́ kejì ni èsì dé. Yunifásítì kọ̀wé pé àwọn fẹ́ bá olúkúlùkù tó gba fọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí fídíò. Ẹ̀rọ ló kọ lẹ́tà náà, òun náà ló sì kọ irú rẹ̀ sí Màrdíyyàh àti sí igba ènìyàn mìíràn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹni wa ọ̀wọ́n," ọ̀rọ̀ yẹn sì wú ọ̀gá lórí.

"Ọ̀wọ́n," ó ní fún Taofeek. "Wọn kò tíì rí mi o. Wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀wọ́n ni mí."

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bá Màrdíyyàh sọ̀rọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló jókòó sí, lórí páálí ọ́ìlì, Alhaja Ràfátù sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dá àwọn oníbàárà dúró pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tó wọ gíláàsì ló bá a sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n dá, ìṣẹ́jú márùnlélógójì ni wọ́n lò, nítorí ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò fẹ́ kó dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìjì òjò. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí ló sọ fún un pé, "Lẹ́tà ọ̀gá rẹ nìkan ló kù. Bí kò bá dé kí oṣù yìí tó tán, a kò ní lè ṣí fáìlì rẹ rárá."

Alhaja gbọ́ ọ. "Ṣé kí n lọ bá ọ̀gá yín ni?"

"Ẹ má lọ, Mọ́mì."

"N kò ní sọ̀rọ̀ líle."

"Èyí tí kò le yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Ọjọ́ Ajé, láago mẹ́ta ọ̀sán, ni ti ọ̀gá. Ẹlòmíràn ì bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kó sì gbàdúrà. Ọ̀gá Oyètúndé ní ohun tó bá ti òfurufú jẹ mọ́, ìta gbangba ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é. Ó ní kí wọ́n ta ìbòrí òde àríyá ńlá méjì sínú ọgbà, kí wọ́n kó igba àga wá. Ní ti àga, ẹ jẹ́ ká gbà fún un, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ó pe àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó pe ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó lẹ ìwé ìkéde mọ́ ara ògiri: *A fi ń tó gbogbo ará ìlú létí pé kò ní sí òjò lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i.*

Nígbà tí ọjọ́ Ajé pé, láti òwúrọ̀ ni barómítà ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ooru sì mú bí ìgbà tí wọ́n bo èèyàn mọ́ inú ìkòkò. Láago kan kọjá díẹ̀, fóònù Màrdíyyàh dún. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

"Sà, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wo ojú-ọjọ́ ní Kàbà ló pè mí. Ìjì òjò ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Bó ṣe ń rìn yẹn, aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ló máa wọ ibí. Ẹ jẹ́ ká kó àwọn àgbàlagbà sínú ilé."

Ọ̀gá ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. "Kàbà wà ní ìpínlẹ̀ wo?"

"Kogí ni, sà."

"Òjò Kogí nìyẹn nígbà náà. Ìpínlẹ̀ ní ààlà."

"Kò tiẹ̀ ní ìwé àṣẹ, sà," Taofeek fi kún un.

Màrdíyyàh jáde, ó lọ fi okùn so àpótí tẹmómítà mọ́lẹ̀ dáadáa, ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ti ìyàrá ńlá sílẹ̀ gbayawu, ó sì ń bẹ àwọn arúgbó lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Àwọn kan ò gbọ́. Ìgbà tí wọ́n rí Alhaja Ràfátù tó wọlé pẹ̀lú agbòjò ńlá tó sì fìdí kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa àga sẹ́yìn wéréwéré.

Aago mẹ́ta lù. Ojú ọ̀jọ̀gbọ́n onígíláàsì yọ nínú kọ̀ǹpútà. Òyìnbó ni wọ́n sọ o, ṣùgbọ́n Yorùbá ni n ó fi ròyìn rẹ̀, kí ẹ̀rín má baà bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Ọ̀gá ti yí kọ̀ǹpútà kó lè fi èrò ẹ̀yìn rẹ̀ hàn.

"Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Oyètúndé. Kí ló mú yín fẹ́ ka ìmọ̀ òfurufú?"

Ọ̀gá dìde. Ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà kì í dìde, nítorí ikùn rẹ̀ ni wọ́n á máa rí, ikùn rẹ̀ náà ni wọ́n sì rí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fífẹ́. Nígbà tí mo dé Ọ̀fà, òfurufú kàn wà lókè ni. Kò ní ètò. Atẹ́gùn ń fẹ́ bó ṣe wù ú. Èmi Oyètúndé ni mo fà á létí. Lónìí, ẹyẹ tó bá ń fò ní agbègbè yìí mọ̀ pé abẹ́ àbójútó ni òun wà." Taofeek ju ọwọ́ sókè, èrò pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méje.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán. "Báwo ni ojú-ọjọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ yín báyìí?"

"Ó tòrò. Mo ti pàṣẹ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tún gíláàsì rẹ̀ ṣe. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo rí tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín yẹn?"

Ọ̀gá kò bojú wẹ̀yìn. "Àwọn ènìyàn mi ni. Wọ́n ṣì ń bọ̀."

Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń lọ ni. Ìkùukùu ti dúdú láti ilẹ̀ dé òkè ní apá ìlà-oòrùn, ó gùn gbọọrọ bí ògiri. Atẹ́gùn tútù kan gbá gbogbo ọgbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbòrí àkọ́kọ́ wú, ó gbéra, ó fò kọjá ògiri lọ sínú oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìkejì tẹ̀ lé e. Igba àga ń yí gbirigbiri kiri ọgbà. Ọpẹ́ ni pé àwọn arúgbó ti wà lábẹ́ òrùlé, àwọn yòókù sì sáré bá wọn. Ọ̀gá na ọwọ́ kan sí ìjì náà bí ọlọ́pàá ojú pópó, ó ní, "Ẹ ní sùúrù díẹ̀." Fìlà rẹ̀ kò ní sùúrù. Bí òjò ti dà lé e lórí, ó gbá kọ̀ǹpútà mọ́ àyà, ó sì sá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ló ń sá wọlé. Màrdíyyàh nìkan ló ń jáde. Ó wọ kóòtù òjò, ó fi ọ̀rá we ìwé rẹ̀, ó lọ wo gbogbo ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ aago àti iye tó rí sílẹ̀. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó kọjá níwájú kọ̀ǹpútà.

"Màrdíyyàh?" ọ̀jọ̀gbọ́n pè é. "Ṣé ìwọ nìyẹn? Ṣé barómítà fò sókè?"

"Ó fò, mà. Atẹ́gùn tútù ló kọ́kọ́ dé, barómítà gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òjò wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin."

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin? Ó dá ọ lójú?"

"Mo wo aago, mà."

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn níbi tí wọ́n fi í sí lọ́jọ́bọ̀. Ìbéèrè ń lọ, èsì ń bọ̀. Ọ̀gá kò rí ibi gbé kọ̀ǹpútà lé, ló bá ń gbé e lọ́wọ́ méjèèjì níwájú Màrdíyyàh, omi ń kán láti imú rẹ̀, bí ẹni tó gbé àwo oúnjẹ fún àlejò. Ó pẹ́ kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó rántí.

"Lẹ́tà ọ̀gá rẹ kò tíì dé o. Ta tiẹ̀ ni ọ̀gá rẹ yìí?"

Màrdíyyàh wolẹ̀. Kò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè purọ́.

"Àwọn ló gbé kọ̀ǹpútà dání yìí, mà."

Màmá arúgbó kan tó ti fi ogójì ọdún ṣe tíṣà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti fi gèlè bo ẹnu, kò bò ó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbà á, ẹ̀yìn gbà á, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá ń mì tìtì. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Irú èyí tí wọ́n ti ń gbé mì láti ọdún mẹ́rin ni, tí ó kàn rí ọ̀nà jáde. Taofeek náà wà níbẹ̀. N kò ní sọ fún yín bóyá ó rẹ́rìn-ín tàbí kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ mẹ́rin ló ní.

Ẹnì kan ti fi fóònù ya gbogbo rẹ̀. Kó tó di alẹ́, ó ti dé Ìlọrin. Ní Ọjọ́rú, lẹ́tà kan dé láti òkè, ó ń bi ọ̀gá pé òfin wo ló fi kéde pé òjò kò ní rọ̀. Ọ̀gá fi ojú ewé mẹ́jọ dáhùn. Èsì ojú ewé mẹ́jọ náà kò ju ìlà méjì lọ: bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, Ọ̀gbẹ́ni Oyètúndé yóò máa ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kó ọkọ́, àdá àti ajílẹ̀ sí ní Ilemona.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ Jímọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù. Ó ń kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí nígbà tí Màrdíyyàh kan ilẹ̀kùn. Taofeek kò sí níbẹ̀. Ó ti lọ ń bi àwọn ènìyàn nípa ọ̀gá tuntun.

"Ìwọ náà wá rẹ́rìn-ín?" ọ̀gá béèrè, kò wojú rẹ̀.

"Rárá, sà. Ìwé ìjẹ́rìí yẹn ni. Ọ̀la ló parí."

"Bí mo bá kọ̀ ńkọ́?"

"Màá tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀, sà." Owó fọ́ọ̀mù náà, Alhaja ta ẹ̀gbà ọrùn kí wọ́n tó rí i san.

Ọ̀gá jókòó. Ó mú ìwé, ó kọ "Èmi Oyètúndé," ó sì dúró síbẹ̀. Ó fà á ya. Ó mú òmíràn, ó tún kọ "Èmi." Ó fa ìyẹn náà ya. Ó wá rí i pé òun kò mọ ohun kankan tí òun lè kọ nípa ọmọbìnrin yìí. Ó ní kó gbé ìwé ojú-ọjọ́ wá. Ọdún mẹ́rin tó fi wà níbẹ̀, kò ṣí i rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan: aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́sàn-án, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Iléyá, aago mẹ́sàn-án. Ó dúró lórí ojú ewé kan.

"Ọjọ́ yìí kọ́ ni ẹ sin bàbá rẹ?"

"Òun ni, sà."

Ọ̀gá rántí. Taofeek ló rán lọ kí wọn nígbà yẹn, nítorí ó ní ìpàdé kan tí kò rántí mọ́.

"O wá síbí lọ́jọ́ tí ẹ sin bàbá rẹ?"

"Òjò rọ̀ lórú, sà. Bí n kò bá kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó rọ̀. Mo kọ ọ́ tán ni mo padà sílé."

Ọkùnrin náà fa ìwé tuntun sọ́dọ̀, ó gbé bírò. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dúró mọ́. Ohun tó kọ nìyí:

*Ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹ́ ọ̀gá Màrdíyyàh. N kò mọ ohunkóhun nípa ojú-ọjọ́. Òun ló mọ̀ ọ́n. Ó máa ń kọ ohun tó bá rí, kódà nígbà tí mo bá ní kó kọ nǹkan mìíràn. Ó yẹ kí n ti kọ lẹ́tà yìí ṣáájú àkókò yìí, ẹ̀bi mi ni. Ẹ gbà á.*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni lẹ́tà náà wọlé sí yunifásítì. Lóṣù Kẹta, wọ́n kọ̀wé pé wọ́n ti gba Màrdíyyàh, wọ́n sì máa san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ títí dé òpin.

Ọ̀sẹ̀ kan kó tó wọkọ̀ òfurufú, òun àti Alhaja Ràfátù wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ilemona. Wọ́n bá Ọ̀gbẹ́ni Oyètúndé lórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, níwájú ilé ajílẹ̀, ó ń ka iye àdá fún àgbẹ̀ kan. Ó ti gbẹ díẹ̀, ó sì yẹ ẹ́. Nígbà tó rí wọn, ó dìde, ó wá àga fún Alhaja, ó fi aṣọ nù ún.

Alhaja ti pèsè ọ̀rọ̀ líle kan láti Ọ̀fà. Ó wo ọkùnrin náà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ló wí. "Ọlọ́run á tì yín lẹ́yìn."

"Àmín, Alhaja." Ó yíjú sí Màrdíyyàh. Ó tọ́ka sókè, sí ìkùukùu funfun kan tó ń wú bọ̀ lókè oko iṣu. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi ọ́. Kí ló ń gbé ohun yẹn dúró? Omi ni ẹ pè é. Kí ló dé tí kò jábọ́?"

Màrdíyyàh jókòó sórí àpò ajílẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún un bí ilẹ̀ ṣe ń gbóná, bí afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣe ń gòkè, bó ṣe ń gbé ẹ̀kán omi tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ dání, àti bí wọ́n ṣe ń so pọ̀ títí wọ́n á fi wúwo ju ohun tó gbé wọn lọ. Àgbẹ̀ tó wá ra àdá náà dúró, ó ń gbọ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. Alhaja mi ọwọ́ sí i pé kó ní sùúrù.

Nígbà tó parí, Ọ̀gbẹ́ni Oyètúndé fọwọ́ lé àgbọ̀n. Ó ní, bí kò bá ní yọ ọ́ lẹ́nu, kó tún apá kejì sọ, nítorí kò yé òun.